Ìbejì Róòmù Tí Mo Ṣọ́ Ní Ring Road

Nígbà tí ìjọ wa ní Bódìjà pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì pé kí a wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ẹnjiníà kan ló kọ́kọ́ dìde, nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e. Ó wá kàn mí. Mo ní, "Èmi, owó fàdákà àwọn ọba Róòmù ni mo ń ṣọ́." Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Bàbá, ṣé owó yẹn ṣì ṣeé ná?" Mo ní kò ṣeé ná mọ́. Ó ní, "Kí wá ni ẹ ń ṣọ́ ọ sí?"

Pásítọ̀ ti ń wo aago, wọn ò fún mi láyè láti dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí fún ọmọ náà, àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, òun ló sì bá mi wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Ring Road. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà kàwé lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó àrùn kan bọ̀ tí kò gbóògùn: wọ́n fẹ́ràn owó fàdákà àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rà á, bí ẹlòmíràn ṣe ń ra bàtà, títí ó fi kún kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn nínú wọn, wọ́n ti rọ ọ́ kí wọ́n tó bí Jésù. Dókítà kó wọn sí ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa wá wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí eyín ń dùn á gba òkè, ẹni tó fẹ́ wo ọba á yà sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Ràímì. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á po pílásítà, nǹkan funfun yẹn tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó bá dá ní ọsibítù, wọ́n á fi mọ àwòrán ẹnu aláìsàn, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti wọn eyín tuntun. Dókítà wò wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ràímì, bí o bá lè mọ àwòrán ẹnu, o lè mọ àwòrán ọba." Láti ìgbà náà ni Bàbá Ràímì ti ń fi pílásítà ṣe ẹ̀dà owó Róòmù fún àwọn ilé ìwé, kí ọmọdé lè fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ pé bó bá fọ́, kò sẹ́ni tí yóò sunkún. Iṣẹ́ yìí ni mo wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ ò tíì rí ọ̀gá. Ó pẹ́ gan-an kí Bàbá Ràímì tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan fàdákà kankan. Kọ́bọ̀ ilẹ̀ wa ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n máa fi ìka méjì mú un ní etí, kí n máa gbé e gòkè, kí n máa gbé e sọ̀kalẹ̀, níṣojú àwọn aláìsàn tó jókòó. Bí ìka mi bá kan ojú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á pariwo: "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀! Ojú ọba lò ń fi òógùn pa yẹn!" Àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú á gbàgbé ìrora, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í po pílásítà, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ojú ọba á wá lu ihò káàkiri. Bàbá Ràímì á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á mirí. "Jóṣúà, wo ohun tí o fi ọba ṣe. Ilẹ̀ẹ́gbóná ti mú un." Wọ́n á fọ́ ọ mọ́lẹ̀, wọ́n á ní kí n gbálẹ̀, kí n tún òmíràn po. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ìdí eyín ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Ohunkóhun tí o bá fẹ́ yọ, má yọ ọ́ kí o tó mọ bó ṣe jókòó." Wọ́n ní eyín tí èèyàn bá fi ìkánjú yọ, kò ní mọ bó ṣe bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mọ́ láéláé. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òfin yìí dání, nítorí a ó padà sídìí rẹ̀.

Mùsùlùmí tòótọ́ ni ọ̀gá mi, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ère ni wọ́n ń tọ́jú jẹun. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọ̀kan nínú wọn lóhùn. "Mi ò bọ wọ́n, mò ń ṣọ́ wọn ni. Màlékà ló ń ṣọ́ ìwọ náà, ṣé wọ́n ń bọ ọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà lójú owó wọ̀nyí. Níwájú, orí ọba ló máa ń sábà wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú kan ni wọ́n ń fi hàn, pẹ̀lú adé ewé. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ki, wọ́n gbẹ́ ọrùn tó ki fún un. Èyí tí imú rẹ̀ wọ́, wọn ò bá a tún un ṣe. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìlẹ̀kẹ̀ adé ló ń bo ojú ọba. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn fi ojú ọba ránṣẹ́ sí ọjà, alápatà á dì í mọ́wọ́, ọ̀mùtí á fi í sanwó ọtí. Mo bi Bàbá Ràímì pé ṣé ọba tí gbogbo ayé ń fọwọ́ pa lójú ṣì ń jẹ́ ọba. Wọ́n ní, "Ọba tiwa wà nítòsí, ó ní láti fi ojú pamọ́ kí a lè bẹ̀rù rẹ̀. Tiwọn jìnnà. Bí wọn ò bá rí ojú rẹ̀ lára owó, wọ́n á gbàgbé pé ọba wà." Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí èsì tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yìn owó ló dùn ún wò jù. Erin wà níbẹ̀ tó ń tẹ ejò mọ́lẹ̀. Obìnrin kan wà tó gbé òṣùwọ̀n dání. Ọwọ́ méjì wà tó bọ ara wọn, tí wọ́n fi ń sọ fáráyé pé ìjà ti parí, bí ìjà náà kò tilẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń rọ́ lé lórí ni ti abo ìkookò tó dúró, tí ọmọ ọwọ́ méjì ń mu ọmú rẹ̀. Darandaran kan ń wò wọ́n, ẹyẹ sì bà sórí igi lẹ́yìn wọn. Àwọn ará Róòmù ní ìbejì làwọn ọmọ náà, pé èèyàn ló gbé wọn jù sódò, ìkookò ló rí wọn tó fún wọn lọ́mú, àwọn náà ló sì padà wá tẹ ìlú dó.

Ìyá Táyé ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Apẹtẹ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì bí ìbejì, bí orúkọ wọn ṣe wí. Lọ́jọ́ tí mo sọ ìtàn yìí fún wọn, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jókòó. "Ẹranko wá ṣàánú ìbejì, èèyàn ló jù wọ́n nù?" Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gbálẹ̀ láìkọ́kọ́ kí owó yẹn. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?" Nígbà tí Iléyá kan ń bọ̀, wọ́n mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú wá láti fi bó wọn kí wọ́n lè máa dán. Bàbá Ràímì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Dúdú tó dú yẹn, aṣọ rẹ̀ ni! Ṣé ẹ fẹ́ bọ́ ọmọ sí ìhòhò nítorí ọdún?" Ìyá Táyé rọra di eérú wọn padà. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní kí àwọn náà ṣọdún ni."

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí Dókítà fi kú. Wọ́n fi owó náà àti ìsàlẹ̀ ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o. Lọ́yà kan ni olórí wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ilé, lọ́yà sì ní kí a ti ìsàlẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Ìgbà tí ọmọbìnrin Dókítà fi fóònù sọ láti òkè òkun pé òun ń bọ̀ wá wo owó bàbá òun ni wọ́n tó ní kí a ṣí i, kí a tún un ṣe.

A wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù dúró síbi tó wà, ó ń dán bí àná. Bàbá Ràímì fa dúrọ́ọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ já tẹ̀ lé wọn, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù náà sì ya lulẹ̀ wọ̀ọ̀. Ikán! Wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, awọ tó ń dán yẹn nìkan ló kù. Erùpẹ̀ ikán bo gbogbo ilẹ̀, àwọn ọba sì fọ́n káàkiri inú rẹ̀. Bébà tí a kọ orúkọ owó kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n ti fi ṣe oúnjẹ. Bàbá Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí gidigidi.

A ṣa owó, Ìyá Táyé sì ń kó erùpẹ̀ àti igi jíjẹ síta. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ọba kan yàtọ̀ sí èkejì láìsí bébà? Pílásítà ló gbà wá. Gbogbo owó tó wà níbẹ̀ la ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ rí, inú agolo bisikíìtì ni wọ́n wà lókè, ikán kì í sì í jẹ pílásítà. A tẹ́ wọn sílẹ̀, a ń fi ọba wá ojú ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, ẹ̀dà kan ṣẹ́kù tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀. Ti ìbejì ni.

A tú yàrá. A tú ààtàn lẹ́yìn ilé. Kò sí níbẹ̀. Lọ́yà wá dé. Ó kéré sí ọ̀gá mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń pè é ní "ó" títí dòní, ẹ má bínú.

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ta ló mọ èyí tó níye lórí jù nínú wọn?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ṣé ikán ń jẹ fàdákà ni?"

Bàbá Ràímì mirí. Lọ́yà ní, "Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí ọmọ Dókítà bá dé lọ́jọ́ Ajé tí owó yẹn kò sí níbẹ̀, ọlọ́pàá ni màá fi ọ́ lé lọ́wọ́." Ìparí oṣù náà gan-an sì ni ọ̀gá mi fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá Ràímì sọ fún mi pé, "Jóṣúà, kì í ṣe àtìmọ́lé ni mò ń rò. Àwọn ọmọ mi ni. Wọ́n á máa pè wọ́n ní ọmọ olè ní Challenge tí à ń gbé." Mo ti kọ́ ọ sórí ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi nígbà tí mo wà ní kékeré pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo mú ọkọ́, mo tún padà sí ààtàn. Igi jíjẹ pọ̀ níbẹ̀. Ó rẹ̀ mí, mo dúró, mo ń wò ó, ni mo bá ṣàkíyèsí pé erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Erùpẹ̀ tí a gbá nínú yàrá yẹn pọ̀ gan-an. Ibo ni ìyókù wà? Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà, ó di Apẹtẹ.

Mo bá Ìyá Táyé lẹ́yìn ilé wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, erùpẹ̀ ikán tí ẹ kó, ibo lẹ dà á sí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. "Jóṣúà, ta ló ń da ikán nù? Adìyẹ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ. Inú àpò ni mo kó o sí, mo gbé e wá fún wọn."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nídìí adìyẹ mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí àlejò ló gbá yàrá yẹn ni, ì bá da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwa, ikán kì í ṣe ìdọ̀tí, oúnjẹ òròmọdìyẹ ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lé adìyẹ. A kúnlẹ̀, a ń tú erùpẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Adìyẹ ti tú èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́bàá ògiri, òkìtì kan ṣì le, abala dúrọ́ọ̀ kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Etí fàdákà kan yọ lára rẹ̀ díẹ̀, bí eyín ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ìyá Táyé pariwo, "Àwọn ọmọ mi rè é!" Wọ́n na ọwọ́ láti yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn yí padà. "Yéè! Jóṣúà, ilé mi ni o ti rí i. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ mi ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n á ní èmi ni mo jí wọn." Òótọ́ ni. Bí a bá gba ọ̀gá mi sílẹ̀ báyìí, ìyá yìí ni yóò kó sí wàhálà.

Ibẹ̀ ni ohùn Bàbá Ràímì ti dún sí mi létí. Mo di ọwọ́ ìyá náà mú. Mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà. Bó ṣe jókòó yẹn ni yóò gbà wá." Wọ́n tú gèlè wọn, a fi wé òkìtì náà bí ọmọ tuntun, a gbé e lọ sí ilé ọ̀gá mi ní Challenge.

Bàbá Ràímì yí i ká, wọ́n wò ó láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, wọn kò sì fi ìka kàn án. Omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ òfin yẹn nígbà náà?" Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, sà."

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin Dókítà dé, lọ́yà jókòó tì í. Bàbá Ràímì gbé òkìtì náà sórí tábìlì. Lọ́yà ní, "Kí ni ìdọ̀tí yìí?" Ọ̀gá mi mú irin kékeré tí wọ́n fi ń fọ eyín, wọ́n sì ń fi tọ́ka sí i. Abala dúrọ́ọ̀ Dókítà rè é, aṣọ aláwọ̀ ewé tí a tẹ́ sínú rẹ̀ rè é, owó ṣì wà lórí aṣọ, ojú ọ̀nà ikán sì gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá láìjá níbì kankan. Ikán kan tó ṣẹ́kù sáré jáde, ó kọrí sí ọwọ́ aṣọ lọ́yà, ọkùnrin náà fò dìde. Bàbá Ràímì ní, "Sà, ṣé olè ló mọ ilé yìí ká fàdákà? Àbí Ìyá Táyé ló kọ́ ikán níṣẹ́ bíríkìlà?"

Wọ́n wá rọra yọ ọ́, bí ẹni ń tọ́jú eyín tó ń dunni. Mo gbé ẹ̀dà pílásítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkookò bá ìkookò mu, ìlà tó ha etí rẹ̀ bá ara mu. Ọmọbìnrin náà wò ó pẹ́, ó bi wá pé ta ló gbé e pamọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. A fi Ìyá Táyé hàn án, tí wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ Dókítà kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ ṣeun, mà. Adìyẹ yín ńkọ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí a fi ń nu ojú. Lọ́yà ní, "Kò burú." Bàbá Ràímì tún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù wó, ṣùgbọ́n alihamudulilaì ni wọ́n ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Èmi mí kanlẹ̀, ó dà bíi pé n kò tíì mí láti ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọmọ Dókítà ra kọ́bọ́ọ̀dù irin fún wa, ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì pẹ̀lú orúkọ tó mọ́, mo sì bọ́ sí ipò wọn. Ohun èlò ń yí padà níṣojú mi. Rọ́bà olómi dé, tó ń mú àwòrán irun orí ọba láìku ẹyọ kan. Ẹnì kan kó àpò ọ̀rá wá pé òun ni tòde òní; ooru wa mú kí ọ̀rá náà máa lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, mo tètè kó àwọn ọba jáde. Kámẹ́rà dé, kọ̀ǹpútà dé, nísinsìnyí ọmọdé lè yí owó Róòmù síwá sẹ́yìn lórí fóònù. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, ó tù mí lára, nítorí ìka tó ń fi òógùn pa ọba lójú ti dín kù.

Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí Bàbá Ràímì ní Challenge, kí wọ́n tó béèrè ìyàwó àti ọmọ mi, wọ́n á ní, "Ìbejì ńkọ́?" Màá ní, "Wọ́n wà, sà." Ìgbà náà ni wọ́n á tó fara ti àga. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, níbi tí ohùn wọn kò ti fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ohun tí wọ́n bi mí náà nìyẹn. Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n sùn. Mo ń rántí wọn gan-an.

Ìgbà tó kàn mí láti fẹ̀yìn tì, Bùnmi ni mo fà á lé lọ́wọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo kọ́, tí mo sì fọ́ pílásítà rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. A yẹ gbogbo rẹ̀ wò pa pọ̀. Nígbà tí ọba tó kẹ́yìn jókòó síbùjókòó rẹ̀ tí kò sí ohun tó dín, ara mi fúyẹ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Bódìjà, mo sì sùn lọ́sàn-án gangan, ohun tí n kò ṣe rí.

Nítorí náà, ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, owó yẹn kò lè ra búrẹ́dì mọ́. Ṣùgbọ́n níṣojú mi báyìí ló ṣe ra orúkọ àgbàlagbà kan àti ti ìyá kan padà, nítorí pé ẹnì kan ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ tí o bá rí tó lè kọ́ ọ ní irú ìyẹn, gbà á.

Mo rò pé ìsinmi ti dé. Síbẹ̀ ní àárọ̀ yìí, kí n tó mu tíì, ọwọ́ mi ti lọ sídìí fóònù. Mo ní, "Bùnmi, ìbejì ńkọ́?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, àwòrán kan wọlé: ìkookò dúró, ẹyẹ wà lórí igi, àwọn ọmọ méjèèjì gbé orí sókè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wọ́n wà, bàbá. Wọ́n ṣì ń mu ọmú."